Màmá Ń Pa Iná Oòrùn Tí A Rà fún Wọn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Èkó ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí. Ní bí ọdún méjì sẹ́yìn, èmi àti àwọn àbúrò mi méjì dáwó jọ, a sì ra sólà fún ìyá wa nílé: pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 300 wáàtì, ínfátà kan, àti bátìrì olómi méjì tí wọ́n kọ 220 sí lára. Bàbá wa ti dolóògbé. Ilé tí wọ́n kọ́ ni Màmá ń gbé lókè, ayálégbé méjì wà nísàlẹ̀, ìbátan bàbá wa kan sì wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé Màmá kì í tan iná yìí. Bí mo bá bá wọn lójijì, tọ́ọ̀ṣì kékeré ni mo ń bá lórí tábìlì. Àfi bí àlejò bá dé ni wọ́n tó ń tan sólà. Lóṣù tó kọjá, wọ́n tún ní kí n bá àwọn tún jẹ́nẹ́rétọ̀ àtijọ́ ṣe! Àbúrò mi ọkùnrin ní ọjọ́ orí ni, torí Màmá ti lé ní 70. Ṣé ọjọ́ orí ni lóòótọ́? Kí ló dé tí nǹkan yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ àwọn èèyàn wa lára, kódà bí kò bá ná wọn ní kọ́bọ̀? — Ọmọ Màmá, Èkó.

ÌDÁHÙN: Ọmọ Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Inú mi dùn pé ẹ kò béèrè iye pánẹ́ẹ̀lì tó yẹ kí ẹ fi kún un, torí ohun tí gbogbo èèyàn ń bi mí nìyẹn, nígbà tí ọ̀rọ̀ kò sí lórí òrùlé rárá.

Ọjọ́ orí kọ́. Mo mọ ìyá àgbà kan ní Òde Rẹ́mọ tó jẹ́ pé àwọ̀ iná tó ń ṣẹ́jú lára ínfátà ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá kí àwọn tan fíríìsà tàbí kí àwọn dúró díẹ̀. Wọn kò lọ sílé ìwé. Mo sì mọ ọmọkùnrin kan ní Ṣàgámù, òṣìṣẹ́ bánkì, tó gbé bátìrì rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn torí olè, tó wá ń bi mí pé kí ló ń rùn nínú yàrá òun. (Ẹ má dán an wò o. Bí bátìrì olómi bá ń gba iná, ó máa ń tú afẹ́fẹ́ tó lè gbaná jáde. Ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé ni wọ́n ń gbé e sí.) Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí mo ti padà lọ wò lẹ́yìn tí iná ti wọlé, ẹ̀rọ kọ́ ló kọ́kọ́ bàjẹ́. Ohun tí wọn kò jọ sọ kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ ló bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan bẹ̀rẹ̀. Nínú pálọ̀ Màmá yín, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan wà níbẹ̀, àwọn abọ́ tánńganran sì wà nínú rẹ̀ tí ẹ kò tíì jẹun nínú wọn láti kékeré. Wọ́n ń nù wọ́n lọ́dọọdún, wọ́n ń dá wọn padà. Abọ́ tí ẹ fi ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ lójoojúmọ́, ike tàbí páànù ni. Kì í ṣe ahun ni Màmá ń ṣe. Nílé wa, ohun tó bá wọ́n tó sì dára, ti àlejò ni. Sólà yín dé pẹ̀lú owó ńlá, àwọn òṣìṣẹ́ gun òrùlé, àwọn aládùúgbò wá wò ó, ẹ ya fọ́tò, ẹ sì sọ iye tó jẹ́ létí Màmá. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni ẹ gbé e sí, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀.

Ìtàn kan wà tí àwa tó ń ṣe iṣẹ́ sólà máa ń sọ. Ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Los Molinos lórílẹ̀-èdè Peru, òṣìṣẹ́ ìlera kan fi ọdún méjì yí ilé ká pé kí àwọn ìyáálé máa se omi kí wọ́n tó mu ún, kí àìsàn lè dín kù. Ìdílé tó wà níbẹ̀ jẹ́ 200. Àwọn 11 péré ló gbọ́. Lójú ọ̀pọ̀ àwọn tó kù, omi tí a sè, ti aláìsàn ni. Ara ẹni tó le ń ṣe kí ni tí yóò máa mu omi aláìsàn? Ẹni tó ń kọ́ wọn kò ronú sí i rárá pé omi ní ìtumọ̀ mìíràn lọ́kàn wọn kí òun tó dé. Iná yín náà ní ìtumọ̀ lọ́kàn Màmá: iná àlejò ni.

Ìtumọ̀ yìí ń pàdé ìwà kejì tó jẹ́ ti àwa Ìjẹ̀bú pàápàá, èyí tí wọ́n fi ń ṣe wá ní yẹ̀yẹ́ láti Èkó dé òkè ọya: a mọ owó ń pa mọ́. Màmá rò pé bí àwọn kò bá tan iná lónìí, yóò ṣẹ́ kù dọ̀la. Gààrí lè ṣẹ́ kù, owó lè ṣẹ́ kù, epo inú kẹ́ẹ̀gì lè ṣẹ́ kù. Oòrùn kì í ṣẹ́ kù. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ṣe é fún wọn rí.

Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin lọ́nà 300, wáàtì 1,200 nìyẹn. Ní agbègbè tiwa, bí a bá da ọjọ́ òjò pọ̀ mọ́ ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn tó le dáadáa máa ń tó wákàtí mẹ́rin lóòjọ́. Ìyẹn jẹ́ 4,800, wáàtì lọ́nà wákàtí. Ooru, eruku, wáyà àti ínfátà fúnra rẹ̀ yóò jẹ tiwọn níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká ní ó ku 3,300 lọ́jọ́ tí kò dára jù tí kò sì burú jù. Ó yá, kí ni Màmá nílò? Gílóòbù márùn-ún oníwáàtì 10 fún wákàtí márùn-ún jẹ́ 250. Fáànù oníwáàtì 70 láti ìgbà tí wọ́n bá sùn di ìgbà tí wọ́n bá jí, wákàtí mẹ́jọ, 560. Tẹlifíṣọ̀n oníwáàtì 80 fún wákàtí mẹ́rin, 320. Ó di 1,130. Bátìrì yín méjèèjì pa pọ̀ (fóòtì 12 lọ́nà 220 tí wọ́n kọ sí lára, lọ́nà méjì) gba 5,280, ṣùgbọ́n bátìrì olómi kì í fẹ́ ká lo ju ìdajì rẹ̀ lọ, torí náà 2,640 ni tiyín. Bí Màmá bá tan gbogbo ohun tí mo kà yìí láti ìrọ̀lẹ́ di àfẹ̀mọ́júmọ́, wọn kò tíì lo ìdajì ohun tó tọ́ sí wọn, bí oòrùn bá sì ràn, bátìrì á ti kún kí ọ̀sán tó pọ́n tán.

Bátìrì tó bá ti kún, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ ọ kì í jẹ́ kó gba iná mọ́. Gbogbo oòrùn tó bá ràn lé pánẹ́ẹ̀lì láti ìgbà náà títí di ìrọ̀lẹ́, òfò ni. Bátìrì ọ̀hún sì ń darúgbó bó tilẹ̀ jókòó lásán. Omi inú rẹ̀ ń gbẹ. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó mọ kòkó dunjú. Bí wọ́n bá tẹ́ kòkó sórí ẹní, tí oòrùn yọ, ṣé ẹnì kan wà tí yóò ká ẹní náà nílẹ̀ pé kí oòrùn má bàa tán? Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn àgbà nìyẹn, mo sì ti rí ẹni tó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹ̀gbẹ́ mú, tó dìde lọ tan fáànù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo fura pé ìdí mìíràn wà nílé yín tí Màmá kò ní sọ fún yín lórí fóònù. Ẹ sọ pé ayálégbé méjì wà nísàlẹ̀, ìbátan bàbá yín sì wà lẹ́yìn. Ẹ bi ara yín: bí NEPA bá mú iná lọ, tí gbogbo ilé ṣókùnkùn, tí òkè nìkan mọ́lẹ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Ọmọ ayálégbé á gòkè wá pẹ̀lú fóònù mẹ́ta àti ṣáájà. Ìyàwó ayálégbé kejì á ní kí Màmá jọ̀ọ́ bá òun fi áyọ́ọ̀nù lọ yúnífọ́ọ̀mù ọmọ. Ìbátan bàbá yín á ní ṣebí ilé ẹ̀gbọ́n òun ni, kí wọ́n ju wáyà kan sí òun lẹ́yìn. Áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo lè jẹ 1,000 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ínfátà á ké, á sì kú. Màmá kò lè sọ fún àbúrò ọkọ wọn pé rárá. Wọn kò lè lé ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí náà wọ́n pa iná, wọ́n wọnú òkùnkùn pẹ̀lú gbogbo ilé, wọ́n sì tan tọ́ọ̀ṣì. Ohun tí wọn kò lè fi ẹnu sọ, wọ́n fi síwíìṣì sọ ọ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ẹ̀yin ọmọ ló yẹ kó gba ẹrù yìí lórí wọn. Mo ti rí i tó ṣiṣẹ́ ní ilé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ tó rà á pe gbogbo ará ilé jọ, ó ní iná yìí ti pálọ̀ àti yàrá Ìyá nìkan ni, ẹni tó fi í sí i ló sọ pé bí wọ́n bá ju wáyà kankan síta, yóò jóná. Ó fi ẹ̀bi lé oníṣẹ́ lórí, ojú kò ti ìyá. Lẹ́yìn náà ó ra bọ́ọ̀dù onísọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́fà kan, ó kàn án mọ́ ògiri lẹ́nu àtẹ̀gùn: ẹni tó bá fẹ́ ṣáájì fóònù, ibẹ̀ ni, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Fóònù kò jẹ iná tó nǹkan, àsìkò tí oòrùn ń ṣòfò ni wọ́n sì ń lò ó. Àwọn ayálégbé ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá. Ìbátan tó wà lẹ́yìn gba gílóòbù kan ṣoṣo láti orí wáyà tiẹ̀, pẹ̀lú fíúùsì kékeré, wọ́n sì sọ fún un pé ti ọlá ni, kì í ṣe ti ogún. Mo fẹ́ràn gbólóhùn yẹn. Nínú ilé tí bàbá fi sílẹ̀, ohunkóhun tí wọ́n bá kàn mọ́ òrùlé lè di ohun ìjà lọ́jọ́ iwájú. Bí ẹ kò bá tíì sọ̀rọ̀ láàárín ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nípa ẹni tó ni pánẹ́ẹ̀lì yẹn lọ́jọ́ tí Ọlọ́run bá pe Màmá, ẹ sọ ọ́ báyìí tí gbogbo yín ṣì ń rẹ́rìn-ín síra yín.

Ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn ilé. Níbo ni àwọn tó bá yín fi iná sí fi gílóòbù sí? Mo mọ̀ kí ẹ tó dá mi lóhùn: pálọ̀, méjì, yàrá Màmá, ọ̀kan, yàrá tí ẹ̀yin ń sùn bí ẹ bá wálé, ọ̀kan, ìta ní iwájú ilé, ọ̀kan. Níbo ni Màmá ń jókòó sí láti aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án alẹ́? Bí wọ́n bá jọ ìyá tèmi, ẹ̀yìn ilé ni, lórí àpótí, níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀fọ́ tàbí tí wọ́n ti ń bá àwọn ìyá àdúgbò sọ̀rọ̀. Ẹ tan iná sí pálọ̀ tí ẹnì kankan kò sí, ẹ sì fi ẹni tó ni ín sínú òkùnkùn. Kò yani lẹ́nu pé wọ́n ń pa á. Èmi náà á pa á.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe tiyín nìkan. Nígbà tí olùwádìí kan tó ń jẹ́ Arne Jacobson wo bí àwọn ará oko ní Kenya ṣe ń lo sólà, tó sì gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2007, ó rí i pé ìwé kíkà àwọn ọmọ àti iṣẹ́ tó ń mówó wọlé kò fi bẹ́ẹ̀ rí nínú iná náà lò bí àwọn olówó ìrànwọ́ ṣe ń kéde. Tẹlifíṣọ̀n, rédíò àti ṣíṣáájì fóònù ló máa ń ṣáájú. Inú ilé, iná díẹ̀ ni ó wà, ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè ló ń pinnu ibi tí yóò lọ. Nílé tiyín, ohùn tó ròkè wà ní Èkó.

Ní ti jẹ́nẹ́rétọ̀, ẹ má fi Màmá rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé epo ti di nǹkan mìíràn. Láti ìgbà tí Ààrẹ ti kéde ní 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni epo tí iye rẹ̀ kò tó ₦200 ti kọjá ₦480, kò sì dúró níbẹ̀. Owó nìkan bá ni, kò sẹ́ni tí ìbá fa okùn jẹ́nẹ́rétọ̀ mọ́. Ẹ rántí bí jẹ́nẹ́rétọ̀ Màmá ṣe ń ṣiṣẹ́ ṣá. Ní bí aago méje alẹ́, ọmọkùnrin kan láti ilé kejì á wá. Á kí Màmá, á gbé kẹ́ẹ̀gì lọ ra epo, á dé, á fa okùn, á tún jókòó díẹ̀ sọ ohun tó ń lọ ní ìlú. Màmá á fún un ní ẹja tàbí owó tó bá ṣẹ́ kù. Bí jẹ́nẹ́rétọ̀ bá dákẹ́, gbogbo àdúgbò mọ̀, wọ́n á ké pè é láti ojúde pé "Màmá, ṣé kò sí?" Ariwo yẹn tó ń bí ẹ̀yin ará Èkó nínú, àdúgbò ló ń fi í mọ̀ pé ìyá ṣì wà láàyè lókè.

Sólà dé, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọkùnrin náà kò ní ìdí láti wá mọ́.

Torí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ tún jẹ́nẹ́rétọ̀ ṣe, ẹ tún un ṣe. Ó ní ọjọ́ tirẹ̀: láti oṣù Kẹfà títí dé oṣù Kẹsàn-án tí òjò bá ń rọ̀ tí ojú ọ̀run sì ṣú fún ọjọ́ mẹ́ta, pánẹ́ẹ̀lì lè má mú ìdajì ohun tó ń mú ní oṣù Kejì wá. Ṣùgbọ́n ẹ wá iṣẹ́ fún ọmọkùnrin yẹn lórí sólà pẹ̀lú. Kó máa gun òkè nù pánẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lẹ́ẹ̀mejì lákòókò ọyẹ́, ní ìdájí tí páànù kò tíì gbóná. Kó máa wo omi bátìrì. Ẹ máa fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí i, kó gba ọwọ́ Màmá kọjá kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ má fi ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ olè. Màmá lè má sọ ọ́ kí ẹ má bàa ṣàníyàn, ṣùgbọ́n ìyá tó ń dá gbé lókè mọ̀ pé pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tó ń dán lójú páànù ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé àwọn ọmọ ilé yìí wà ní Èkó, wọ́n sì rí ṣe. Bí ó bá jẹ́ apá ojú títì ni wọ́n kàn án sí, ẹ lè béèrè bóyá apá ẹ̀yìn òrùlé ṣeé lò. Wọ́n á sọ fún yín pé gúúsù nìkan ni pánẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ kọjú sí. Gúúsù ló dára jù lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀ tiwa wà ní nǹkan bí dígírì méje péré sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì, oòrùn sì ń gba òkè orí wa kọjá. Bí òrùlé kò bá ga jù ní ìdagẹ̀rẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì tó kọjú sí ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn kò ní pàdánù tó ohun tí à ń torí rẹ̀ jà. Kí ìyá rí oorun sùn sàn ju ìyẹn lọ.

Pánẹ́ẹ̀lì tí gbogbo ayé ń rí yìí náà ló sì ń tan ọ̀rọ̀ ká, ẹ wá rí bí ayé ṣe rí. Ní California, Bryan Bollinger àti Kenneth Gillingham fi hàn ní 2012 pé bí sólà bá ti pọ̀ sí i ní àdúgbò kan ni ó ń rọrùn sí i kí ẹlòmíràn ní àdúgbò náà ra tirẹ̀. Àwọn oyìnbó pè é ní ìwádìí. Àwa tó ń wo Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá kò nílò kí ẹnì kankan sọ ọ́ fún wa. Bí ẹgbẹ́ kan bá wọ irú aṣọ kan lọ́dún yìí, ẹ wo ohun tí ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé wọn yóò wọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tó jẹ́ pé ó ń dí sólà lọ́wọ́ ni pé òrùlé nìkan làwọn èèyàn ń rí. Wọn kì í rí fáànù tó ń yí lóru tàbí fíríìjì tó tutù. Bí àwọn ẹgbẹ́ Màmá bá wá ṣe ìpàdé nílé yín lọ́jọ́ ọ̀sán, tí fáànù ń fẹ́ wọn, tí wọ́n mu omi tútù, tí ẹnì kankan kò fa okùn jẹ́nẹ́rétọ̀, wọ́n á béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ Màmá fúnra wọn. Màmá á wá di ẹni tó ń ṣàlàyé. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹ kò ní gbọ́ "iná àwọn ọmọ mi" mọ́, "iná mi" ni ẹ óò máa gbọ́.

Ẹ kìlọ̀ fún ara yín nípa Iléyá, mo bẹ̀ yín. Gbogbo yín á wálé, èèyàn ogún, fíríìsà ẹran méjì, ẹ̀rọ ìlọta, orin. Ínfátà á kú lójú àlejò, ẹnì kan á sì sọ pé "mo ti sọ pé nǹkan yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa." Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan yìí lè ba iṣẹ́ ọdún kan jẹ́. Ẹ má fi ọjọ́ ọdún wọn iná ojoojúmọ́ Màmá. Ẹ yá jẹ́nẹ́rétọ̀ ńlá fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ sì yọ fíríìsà kúrò lórí sólà kí àlejò àkọ́kọ́ tó dé.

Ó ku owó. Bátìrì olómi tó dára lè lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Tiyín ti lo méjì. Onílítíọ́ọ̀mù ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ẹ sì lè lo ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá iná inú rẹ̀ láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n ó wọ́n níbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí bátìrì bá kú, ta ni yóò rọ́pò rẹ̀? Mo ti rí sólà tó pọ̀ tó jẹ́ pé ọjọ́ yẹn ló parí sí, tí pánẹ́ẹ̀lì tó ṣì lè lo ogún ọdún sì wà lórí òrùlé bí àgbá òfìfo. Ẹni kọ̀ọ̀kan rò pé ẹnì kejì ló kàn. Ní Kenya, ilé-iṣẹ́ M-KOPA bẹ̀rẹ̀ ní 2012 sí í jẹ́ kí àwọn èèyàn máa fi fóònù san owó sólà díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, gbogbo ayé sì pàtẹ́wọ́. Àjọ kọ́ ni? Àwọn ìyá wa ní ọjà ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ béèrè iye tí bátìrì méjì ń jẹ́ lónìí, ẹ fi díẹ̀ lé e torí owó kì í dúró sójú kan, ẹ pín in sí 24, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì máa dá a lóṣooṣù. Kí Màmá jẹ́ olórí àjọ. Wọn kò gbọ́dọ̀ dá kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ni kí ìwé rẹ̀ wà, kí wọ́n máa pe ẹni tó bá jẹ gbèsè. Ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe máa mọ ọ̀rọ̀ bátìrì ju ẹ̀yin lọ láàárín oṣù méjì.

Bí ẹ bá wálé lọ́jọ́ Sátidé, ẹ má dé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ínfátà. Ẹ jókòó ti Màmá lẹ́yìn ilé títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí ẹ bi wọ́n pé, "Màmá, bí ẹ bá fẹ́ fi gílóòbù kan síbi tó wù yín, ibo ni?" Ibi tí wọ́n bá nà ọwọ́ sí ni kí ẹ pe oníná wá fi í sí lọ́jọ́ Àìkú. Síwíìṣì rẹ̀, kó wà níbi tí ọwọ́ wọn á tó láìdìde lórí àpótí.

Bí ọmọkùnrin ilé kejì bá ti wà níbẹ̀, ẹ jọ ṣí ìdérí bátìrì wò. Bí omi bá ti lọ sílẹ̀ tó fi jẹ́ pé àwọn irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ ti yọrí, omi bátìrì (èyí tí òyìnbó ń pè ní distilled water) ni kí ẹ rà lọ́dọ̀ àwọn oníbátìrì ọkọ̀, kí ẹ rọra dà á títí á fi bo irin náà mọ́lẹ̀. Ẹ má da ásíìdì sí i. Omi kànga àti omi inú ọ̀rá náà kò dára fún un, bó ti wù kí wọ́n mọ́ tó.